Ẹ̀jẹ̀ Tí Ó Fọ̀ Kí Wọ́n Tó Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Ọkùnrin kan wà ní ìlú ẹ̀bá òkè kan, níbi tí kòkó ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yẹ kòkó wò kí àwọn oníṣòwò tó rà á. Àwọn àgbẹ̀ a to àpò wọn sí gbangba, òun a mú irin rẹ̀ dání, irin gígùn tí inú rẹ̀ ní ihò. A gún un wọ àárín àpò, a fà á jáde, kòkó tó wà ní ìsàlẹ̀ a sì bá irin wá. Kì í wo èyí tó wà lókè. Ó mọ̀ pé ojú tí kòkó bá ní lókè àpò, àgbẹ̀ ló kùn ún fún un.

Kò sí ẹ̀tàn tí wọn kò tíì dán wò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn a da kòkó tútù sísàlẹ̀, a da gbígbẹ bò ó. Ẹlòmíràn a fi epo ra kòkó tó ti bu lára kí ó lè máa dán. Gbogbo wọn ló ń mú. Bí ó bá sì mú ẹnì kan, kì í pariwo. A kàn da àpò náà sílẹ̀ lójú gbogbo èrò, a ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ padà lọ sá a." Ìtìjú rẹ̀ a tó olúwa rẹ̀ lò títí ọdún yóò fi yí po.

Mo sọ èyí kí o má baà rò pé òmùgọ̀ ni ọkùnrin náà. Àwọn òmùgọ̀ ní ìtàn tiwọn, èyí kì í ṣe ara rẹ̀.

Ó fẹ́ràn iyán. Èèyàn ìlú wọn wo ni kò fẹ́ràn rẹ̀? Àwọn ló ń wí pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ tún ju ti ará ìlú lọ. Ó ń jẹ iyán lọ́sàn-án, ó ń jẹ iyán lálẹ́. Bí ti alẹ́ bá ṣẹ́kù, kò burú láàárọ̀. Láàárín oúnjẹ méjèèjì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí oòrùn ibi tí wọ́n ń to kòkó sí kì í ṣe kékeré. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ìbídùn, a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé bí òun bá kú, kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò máa gún iyán fún bàbá yìí ná, kí wọ́n tó ronú ibi tí wọ́n máa sin òun sí.

Nígbà tó yá, òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́. Ó mu omi, òùngbẹ kò lọ. Ó mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé e, ńṣe ló tún le sí i. Ìtọ̀ kò jẹ́ kí ó sùn. Ẹran ara rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, ṣòkòtò tó ṣe rẹ́gí rẹ̀ ní ọdún tó kọjá ti di èyí tí ó ń fi okùn so. Ó ní oòrùn ni. Ó tún ní ogbó ló ń dé. Ó wá ra àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń mu ún, torí pé ohunkóhun tó bá ti ń ṣe ẹni tó fẹ́ràn adùn nílùú wọn, jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n ń pè é. Ó fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ìyá Ìbídùn rí èèrà níbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń tọ̀ sí lẹ́yìnkùlé. Ó gbá wọn dànù. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n ti padà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń gbá wọn ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, àwọn nọ́ọ̀sì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn láti yẹ ará ìjọ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkùnrin yìí kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n pásítọ̀ ti tò sórí ìlà, òun náà sì jẹ́ alàgbà. Nọ́ọ̀sì tí ó kàn án jẹ́ ọmọbìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò jìnnà sí ti Ìbídùn, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó fi abẹ́rẹ́ gún un lórí ìka, ó kán ẹ̀jẹ̀ sójú ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ náà, ó wo ojú rẹ̀, ó tún wo ẹ̀rọ náà.

"Bàbá, kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Ògì ni. Mo fi ṣúgà díẹ̀ sí i."

"Ògì nìkan kọ́ ló ṣe èyí, sà. Ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló ní àtọ̀gbẹ nínú ẹbí yín?"

"Kò sí," ni ó wí. Ọ̀rọ̀ náà yá lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ẹbí náà ṣe jẹ́. Bàbá tó bí ọkùnrin yìí, ẹsẹ̀ ló pa á. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dúdú, lẹ́yìn náà àtẹ́lẹsẹ̀, lẹ́yìn náà òórùn tí kò jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ lè wọ yàrá. Ẹbí ní ó tẹ ohun tí ẹni tí wọ́n jọ ń du ilẹ̀ gbé sílẹ̀ fún un lójú ọ̀nà oko. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ilé méjì kò bá ara wọn jẹ, wọn kò bá ara wọn mu, títí di òní. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó gbọ́njú nínú ilé náà ló rántí pé kí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, bàbá náà a máa gbé omi lọ sóko bí ẹni tó ń lọ sí ìrìn àjò, a sì máa dúró tọ̀ lójú ọ̀nà lemọ́lemọ́. Ọkùnrin yìí náà rántí. Kì í ṣe pé kò mọ̀.

Nọ́ọ̀sì náà sọ fún un pé, "Ó jọ àtọ̀gbẹ, sà, ṣùgbọ́n ìjọra kọ́ la fi ń tọ́jú èèyàn. Èmi ò lè torí ẹ̀jẹ̀ orí ìka lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún un lórúkọ. Ẹ lọ sí ọsibítù, kí wọ́n yẹ̀ yín wò dáadáa. Ẹ má yí oúnjẹ yín padà o. Bí ẹ ṣe ń jẹun tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú nìkan ni kẹ́ ẹ dáwọ́ dúró, kẹ́ ẹ má fẹnu kan nǹkan kan mọ́ títí wọ́n á fi gba ẹ̀jẹ̀ yín láàárọ̀. Kí wọ́n lè rí i bí ó ṣe rí gan-an ni."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ jókòó. Láàárín ìwàásù, kò gbọ́ ohun tí pásítọ̀ ń sọ. Ohun méjì ló ń rò. Èkíní ni iyán. Èkejì ni Ìbídùn.

Ọmọkùnrin kan ń fẹ́ Ìbídùn nígbà náà, ọmọ ilé rere láti ìlú kejì. Ẹbí ọmọkùnrin náà sì ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. O mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa, a kì í kàn fa ọmọ lé ọmọ lọ́wọ́. Wọn a rán ìyá àgbà kan wá bí ẹni tó wá ra epo, yóò sì fi ọgbọ́n béèrè bóyá wèrè wà nínú ẹbí, bóyá wárápá wà níbẹ̀, bóyá ẹnì kan dẹ́tẹ̀ rí. Láyé àtijọ́, ibẹ̀ ni ìbéèrè ń parí sí. Ní báyìí, wọ́n ti fi àtọ̀gbẹ kún un. Ọkùnrin yìí rí i lọ́kàn rẹ̀ bí ìyá àgbà náà yóò ṣe gbé epo rẹ̀ lọ, tí kò sì ní padà wá mọ́.

Bí ó ti ń rò ó lọ ni ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ sọ sí i lọ́kàn. Nọ́ọ̀sì ti ní kí ó má yí oúnjẹ rẹ̀ padà. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó bá yí i padà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò yàtọ̀. Ọmọ náà ti fi ọmọdé ṣe é. Ẹni tó ń yẹ nǹkan wò kì í la ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí wọ́n lè gbà tan òun. Òun, láti ìgbà tí òun ti ń gún àpò, òun kò sọ fún àgbẹ̀ kan rí pé kí ó má da gbígbẹ lé tútù. Ìgbà tó bá sọ ọ́ ni yóò kọ́ wọn.

Láti ọjọ́ kejì ló ti gbé ààwẹ̀ lé ara rẹ̀ lórí. Kò jẹ iyán. Kò fẹnu kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Omi ewúro ló ń mu láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá fẹ́ ṣínu, a jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú bíbọ̀ díẹ̀ àti ẹ̀fọ́. Àwọn ará ìjọ rí i, wọ́n ní alàgbà ń gbààwẹ̀ nítorí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Kò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún wọn.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò bọ̀wọ̀ fún ààwẹ̀ náà. Ó jókòó ti abọ́ ewúro, kò sì tíì fi ọwọ́ kàn án.

"Bàbá Ìbídùn, ẹ dákun, kí ni ààwẹ̀ yìí wà fún gan-an?"

"Ìlera mi ni."

"Nọ́ọ̀sì ní kẹ́ ẹ máa jẹun bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́."

"Bí wọ́n bá fún un lórúkọ, ṣé nọ́ọ̀sì ló máa bá mi gbé orúkọ náà kiri ìlú?"

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń da àpò àgbẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba tó bá fi gbígbẹ bo tútù."

"Kòkó nìyẹn. Àgbẹ̀ fẹ́ tà á fún èèyàn ni. Èmi ńkọ́, ta ni mo fẹ́ ta ẹ̀jẹ̀ mi fún?"

Obìnrin náà wò ó. "Àìsàn là á wò, Bàbá Ìbídùn. A kì í wo ikú."

"Fún ewúro yẹn, jọ̀ọ́."

Ó fún un. Kí ni ìbá ṣe? Ìyá Ìbídùn kì í ṣe ẹni tó ń bá ọkọ rẹ̀ jiyàn dé ìparí. Ó fún ewúro náà, ó sẹ́ ẹ, ó gbé e fún un, ọkùnrin náà sì mu ún tán láìmí. Àsìkò díẹ̀ ni ó fi ṣe é, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Òùngbẹ dín kù. Ó tilẹ̀ sùn dáadáa. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó ń wá ìwòsàn ni, ìbá ti ṣàkíyèsí pé oúnjẹ tí òun yí padà ló ṣe èyí, ìbá sì dúró sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò wá ìwòsàn. Ìdáláre ló ń wá.

Ó lọ sí ọsibítù. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà pè é wọlé, ó bi í bóyá ó ń tọ̀ púpọ̀ lóru.

"Bíi ti gbogbo èèyàn ni."

"Òùngbẹ ńkọ́?"

"Rárá o."

"Ẹ ò rù?"

"Iṣẹ́ oòrùn ni mò ń ṣe, dókítà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn kò lè sanra."

"Nínú ẹbí?"

"Kò sí."

Dókítà náà fi ọwọ́ pa ojú. Èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ náà kò burú, ṣùgbọ́n ohun tí nọ́ọ̀sì rí ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń kọ òun lóminú. Ó ní àyẹ̀wò mìíràn wà tí kì í wo ti àárọ̀ ọjọ́ kan péré, tó ń sọ bí ṣúgà ti rí nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn láti bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Wọn kò ní ẹ̀rọ rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe é ní ìlú ńlá. "Bàbá, ẹ bá mi lọ ṣe é. Kí ọkàn wa lè balẹ̀."

"Mo ti gbọ́," ni ọkùnrin náà wí. Ó ti gbọ́ lóòótọ́. Àyẹ̀wò tó ń gún àpò dé ìsàlẹ̀ ni dókítà ń sọ, òun ló sì yẹ kó tètè mọ ìwúlò irú rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Kò lọ. Ó ní òun kò ní lọ láéláé.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó bọ́ síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Ó wọ agbádá, ó di makirofóònù mú. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan wí nǹkan kan lójú gbogbo ìjọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ńlá ti sọ̀rọ̀. Ó ní kò sí àtọ̀gbẹ nínú ẹ̀jẹ̀ òun, kò sí i nínú ẹbí òun, kò sì ní wọ ibẹ̀ láéláé. Wọ́n ké halelúyà. Ìbídùn wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, òun ló gbé orin ọpẹ́. Ìyá àgbà tí ẹbí ọmọkùnrin náà rán wá ra epo jókòó ní ìjókòó ẹ̀yìn lọ́jọ́ yẹn, ó ń mi orí sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, iyán tí wọ́n gún nílé wọn pọ̀ débi pé àwọn aládùúgbò bá wọn jẹ níbẹ̀.

Wọ́n fọwọ́ sí ìgbéyàwó. Ìbídùn lọ sílé ọkọ. Kò pẹ́, ó lóyún, ayọ̀ bàbá rẹ̀ kò sì ṣe é fẹnu sọ. Òùngbẹ tirẹ̀ ti padà ní gbogbo ìgbà yìí, ìtọ̀ ti padà, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń ṣe bí ẹni pé iyanrìn wà nínú bàtà rẹ̀ nígbà tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ń fara dà á. Ó ní bí ọmọ-ọmọ òun bá ti délẹ̀, òun yóò lọ ṣe àyẹ̀wò ìlú ńlá náà ní kọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kan, ó wà lábẹ́ ibòòji níbi iṣẹ́, Ìbídùn pè é lórí fóònù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá mi."

"Ìwọ náà kú ara. Báwo ni ẹrù náà?"

"Ó ń bẹ níbẹ̀, sà. Ó ti tóbi jù, àwọn èèyàn ní ìbejì ni, àwọn oníkílíníkì ní ọ̀kan ni. Omi ni mi ò mọ ohun tó dé sí i, bàbá. Mo ń mu ún ṣáá ni. Màmá mi náà ò gbé fóònù, mo fẹ́ bi wọ́n bóyá bó ṣe ṣe àwọn náà nìyẹn."

Ọkùnrin náà ti fẹ́ gbé ike omi tirẹ̀ sẹ́nu. Ó gbé e kalẹ̀.

"Kí ni wọ́n sọ ní kílíníkì?"

"Wọ́n ní ṣé àtọ̀gbẹ wà nínú ẹbí wa, pé bí ó bá wà, àwọn á fi àyẹ̀wò kan kún tèmi." Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ní ẹ̀yin ẹ ò mọ bàbá mi. Bàbá mi jẹ́rìí sí i lójú gbogbo ìjọ."

Wò ó, ọ̀rẹ́ mi. Ibí ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú kò tíì pa ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn lábẹ́ ibòòji náà tí yóò gbọ́ ọ. Ó ya ẹnu. Ó rí àna rẹ̀ lójú inú, ó rí ìyá àgbà elépo, ó rí ara rẹ̀ nínú agbádá pẹ̀lú makirofóònù lọ́wọ́. Ojú tì í. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú lásán tì í.

"Oyún ló ń ṣe bẹ́ẹ̀," ó wí. "Ìyá rẹ náà mu omi bí ẹja nígbà oyún tìrẹ."

"Ó dáa, sà," ni Ìbídùn wí, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè wọ́n láti ilé ọkọ rẹ̀, òun àti Ìyá Ìbídùn lọ bá wọn ní ọsibítù. Ọmọ náà ti kú sínú kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin ni. Ó sanra, ó lẹ́wà, ó tóbi ju ọmọ tuntun lọ, ó sì ṣòro kí wọ́n tó lè gbé e jáde. Ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ.

Dókítà ibẹ̀ jẹ́ obìnrin. Ó wọlé wá bá wọn níbi tí wọ́n dúró yí ibùsùn náà ká, tàna tẹbí. Ó kí wọn kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Lẹ́yìn náà ló sọ pé ẹ̀jẹ̀ Ìbídùn kún fún ṣúgà, pé ó jọ pé ó ti wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ nínú oyún náà, àti pé òun ló ṣeé ṣe jù lọ kó pa ọmọ. Ó ní ohun tí wọ́n lè fi oúnjẹ àti oògùn kápá ni, ká ní wọ́n tètè mọ̀.

"Irú èyí sábà máa ń wà nínú ẹbí," ó wí, ó sì kọjú sí ọkùnrin náà. "Bàbá, ta ló ní i?"

Ìbídùn kò la ojú. "Mo ti sọ fún yín, mà," ó wí láti orí ibùsùn. "Kò sí nínú ẹbí wa."

Ìyá Ìbídùn fi ìborùn bo ẹnu. Ọkùnrin náà wo ojú ọmọ rẹ̀ tó dì, ó sì rí i pé ọmọ náà ṣì ń gbèjà òun.

"Ó wà," ó wí. "Bàbá tó bí mi ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó jẹrà, kò tẹ oògùn kankan. Èmi náà ni. Ó wà lára èmi náà."

Ìyá ọkọ Ìbídùn ṣí àpò ọwọ́ rẹ̀, ó mú oògùn àtọ̀gbẹ jáde, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní, "Èmi náà ń lò ó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó. Ìdí tá a fi ń béèrè ni kí a lè máa ṣọ́ àwọn ọmọ. Ta ló sọ fún yín pé a ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nítorí ìyẹn?" Ó sì bú sẹ́kún.

Ìbídùn ti la ojú ní àkókò yìí. "Bàbá," ó wí. "Lọ́jọ́ tí mo pè yín nípa omi. Ṣé ẹ ti mọ̀?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. Ìbídùn yí ojú sí ògiri.

Wọ́n ṣe àyẹ̀wò gidi fún bàbá náà nígbẹ̀yìn, èyí tó yẹ kó ti ṣe kí ọmọ rẹ̀ tó relé ọkọ. Ó ní i, ó sì ti jìnnà lára rẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn. Ẹni tó ń kọ́ wọn nípa oúnjẹ jókòó tì í, ó ní iyán kì í ṣe èèwọ̀, kí ó jẹ òkèlè díẹ̀, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ nínú àwo ju iyán lọ, kí ó má jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kí ó sì jáwọ́ nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ó ní ewúro náà kò burú nínú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò oògùn. Ohun tó bẹ̀rù pé wọn yóò gbà lọ́wọ́ òun, wọn kò gbà á. Ó máa ń jókòó ti òkèlè díẹ̀ náà báyìí, kò sì lè gbé e mì. Ìbídùn kì í pè é mọ́. Ìyá rẹ̀ ló ń pè.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, mo mọ̀ pé ọ̀la ni wọ́n ní kí o wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Mo sì mọ̀ pé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni o ti ń gbààwẹ̀, ìwọ tí kì í gbààwẹ̀ nígbà tí gbogbo ìjọ bá ń gbà á. Ìyàwó rẹ kò wá fi ẹjọ́ rẹ sùn mí o. Èmi fúnra mi ni mo rí i tó ń já ewúro ẹ̀yìnkùlé rẹ títí igi fi kù ní ìhòòhò, n kò sì gbọ́ pé ẹ ń ṣe àlejò.

O rò pé ìdánwò ni wọ́n fẹ́ ṣe fún ọ, pé o lè yege tàbí kí o fìdí rẹmi. Ta lo fẹ́ yege lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹni tó ń wo ẹ̀jẹ̀ rẹ kò ní nǹkan kan láti gbà lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá tàn án, yóò gbà ọ́ gbọ́, yóò sì pe ẹni tó kàn. Ìwọ ni yóò gbé ohun tó kù relé, ìwọ nìkan sì kọ́ ni yóò jẹ níbẹ̀.

Lọ lọ́la. Kí o tó na apá fún wọn, sọ fún wọn pé o ti ń gbààwẹ̀, sọ ewúro tí o ti mu, kí wọ́n mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń wò. Bí wọ́n bá ní kí o lọ jẹun bó o ṣe ń jẹ ẹ́ kí o sì padà wá, padà lọ. Bí wọ́n bá ní kí o ṣe èyí tó ń wo oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ṣe é. Sọ iye ìgbà tí o ń dìde lóru. Sọ ohun tó pa ìyá rẹ gan-an, kì í ṣe èyí tí a kà síwájú ìjọ lọ́jọ́ ìsìnkú. Èmi àti ìwọ mọ̀ ọ́n.

Ọmọbìnrin rẹ méjì ló wà nílé ọkọ. Èyí àbúrò lóyún sínú, òun ló mú inú rẹ dùn tó báyìí. Wọn yóò bi í léèrè ní kílíníkì, ohun tó bá sì gbọ́ lẹ́nu rẹ ni yóò sọ fún wọn.